Ẹni Tí A Mú Sọ̀kalẹ̀ Láti Òkè Ùṣọ́

Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Mi ò gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mi ò fi ata sí i, mi ò sì fi iyọ̀ sí i. Ká ní ẹlòmíràn ló wá sọ ọ́ fún mi, ẹ̀rín ni ǹ bá fi rín. Nítorí náà, mi ò ní bínú sí ẹni tó bá rẹ́rìn-ín.

Monínúọlá ni orúkọ mi. Olùkọ́ ni mí ní Adó-Èkìtì. Ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Ìsàlẹ̀-Ùṣọ́ ni wọ́n bí mi sí, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí Adó. Bí èèyàn bá wọ mọ́tò ní Fájuyì láàárọ̀, á ti débẹ̀ kí oòrùn tó mú. Ibẹ̀ ni bàbá àti màmá mi ń gbé.

Abẹ́ òkè ni ìlú wa wà. Òkè Ùṣọ́ ni wọ́n ń pe òkè náà; ìṣọ́ là ń pè ní ùṣọ́ lédè wa. Odi olókùúta kan wà lórí rẹ̀, tí àwọn baba ńlá wa mọ nígbà ogun, kí òyìnbó tó dé. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ wa parí sí. Ní ìsàlẹ̀ òdìkejì ni ìlú Ẹ̀yìn-Odò wà. Àwọn ni ọ̀tá wa láyé ìgbà náà. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin ni wọ́n fi ń ṣọ́ ibodè tó wà lára odi náà. Bí àwọn kan bá ṣọ́ ọ títí tó sú wọn, àwọn mìíràn á gòkè lọ gbà á. Ẹni tó wà níbẹ̀ ò gbọdọ̀ kúrò, àfi tí ẹni tó wá gbà á bá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé, "Mo ti dé. Ìwọ máa lọ."

Odi náà ti wó báyìí. Èyí tó kù níbẹ̀ ò ga ju ìbàdí èèyàn lọ, àyàfi ẹnu ibodè, níbi tí òpó òkúta méjì ṣì wà lóòró. Igbó ti bo yàrà rẹ̀. Àwọn èèyàn ti kó lára òkúta rẹ̀ ṣe ìpìlẹ̀ ilé. Kò sẹ́ni tó ń bẹ̀rù ibẹ̀. Ojoojúmọ́ ni àwọn àgbẹ̀ ń gba ibẹ̀ kọjá. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ilẹ̀ èèwọ̀ kan ni.

Bàbá mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́. Tíṣà Ọláyíwọlá ni gbogbo ìlú ń pè wọ́n. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni ìgbàgbé bẹ̀rẹ̀ sí í mú wọn. Wọ́n kọ́kọ́ ń gbàgbé ibi tí wọ́n fi awò ojú sí. Wọ́n gbàgbé orúkọ àwa ọmọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbàgbé pé àwọn bímọ rárá. Dókítà tó yẹ̀ wọ́n wò sọ pé kò sí oògùn tó lè dá a padà.

Màmá mi nìkan ni wọn ò gbàgbé. Bí màmá bá kúrò níwájú wọn díẹ̀, wọ́n á tiro lọ sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á máa pè wọ́n. "Ìyá Monínú o!" Ẹsẹ̀ òsì bàbá kì í tẹ ilẹ̀ dáadáa, láti ọjọ́ tí ọ̀kadà kan ti gbá wọn. A ti mọ ìró ẹsẹ̀ náà. Tọ̀, kí wọ́n tó wọ́ ìkejì.

Ọjọ́ Ìsinmi kan ni, lẹ́yìn ọdún Kérésì. Èmi àti àbúrò mi Akínyẹlé, tó ń ta páàtì mọ́tò ní Adó, la jọ wá sílé. A ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé. A ti jẹun. Bàbá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wo ìta. Ọyẹ́ ọjọ́ náà nípọn. Ó ti gbé òkè mì. Mo wọlé lọ fọ abọ́. Nígbà tí mo jáde, àga bàbá ṣófo.

A wá wọn yíká ilé. A wá wọn dé ojú títì. Ibẹ̀ la ti pàdé Ṣèyítán, aládùúgbò wa, tó ń ti oko bọ̀.

"Ǹjẹ́ o rí Bàbá?" mo bi í.

"Mo rí wọn. Wọ́n ń gun òkè lọ. Mo kí wọn, wọn ò dáhùn."

"Àwọn nìkan?"

Ṣèyítán yí ojú sí ọ̀nà tó gbà wá. "Àwọn nìkan ni mo rí. Ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ẹnìkan sì ń dá wọn lóhùn."

Àwa mẹ́ta la gòkè. Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n oòrùn ò ju fìtílà kékeré lọ lókè. Ẹyẹ kan ò ké. Ewé gbígbẹ tí à ń tẹ̀ nìkan ló ń dún. Nígbà tó yá, òun náà ò dún mọ́. Mo wo ilẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń tẹ ewé.

Ohùn kan wá láti inú ọyẹ́.

"Yèsí?"

Ta ni, ló ń bèèrè. Ohùn ọ̀dọ́kùnrin ni. Kì í ṣe ohùn ìjà. Ohùn ẹni tó ti rẹ̀ ni.

"Àwa ni o!" Akínyẹlé dáhùn. "Bàbá wa là ń wá!"

Ewé tún bẹ̀rẹ̀ sí í dún lábẹ́ ẹsẹ̀ wa.

Bàbá wà láàárín òpó òkúta méjèèjì. Wọ́n kẹ̀yìn sí wa, wọ́n kọjú sí Ẹ̀yìn-Odò. Mo pè wọ́n. Wọ́n yíjú padà díẹ̀díẹ̀. Wọ́n wo ọwọ́ ara wọn, iwájú àti ẹ̀yìn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wò wá.

"Ulé," ni wọ́n wí, ilé nìyẹn lédè wa. "Mo fẹ́ lọ ulé."

Àwọn ló ṣíwájú wa sọ̀kalẹ̀. Wọ́n yára. A fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré tẹ̀lé wọn.

"Àǹtí mi," Akínyẹlé sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, "ẹ wo ẹsẹ̀ Bàbá."

"Mo ti rí i."

"Wọn ò tiro mọ́."

"Mo ní mo ti rí i."

A dé ilé. Màmá dúpẹ́, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n gbé iyán kalẹ̀. Bàbá ò fọwọ́ kàn án àfi ìgbà tí màmá ní kí wọ́n jẹ ẹ́. Wọ́n wá jẹ ẹ́ bí ẹni tí kò jẹun rí. Wọn ò jókòó sórí àga. Ilẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn ni wọ́n jókòó sí. Nígbà tí màmá ní kí wọ́n bọ́ sí yàrá, wọ́n mi orí. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n sùn mọ́jú, wọ́n fi ẹ̀yìn ti ògiri, wọ́n dojú kọ òkè.

Inú Akínyẹlé dùn. Ó ní ojú Bàbá ti là. Ọwọ́ wọn ò gbọ̀n mọ́. Ó ní Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà. Mo fẹ́ gbà á gbọ́. Ta ni kò ní fẹ́ gbà á gbọ́?

Ní àárọ̀, màmá gbé ife ògì jáde lọ bá wọn. Èmi ni mo tẹ̀lé wọn lẹ́yìn, nítorí náà mo rí i. Bàbá mi dìde. Wọ́n ká aṣọ oorun mọ́ra. Wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú màmá mi, àyà nílẹ̀, bí ọmọkùnrin ṣe ń dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ẹni ẹlẹ́ni.

"Ẹ káàárọ̀ o, ìyá," ni wọ́n wí. "Ẹ ṣeun oúnjẹ àná."

Ife bọ́ lọ́wọ́ màmá.

Màmá ò pariwo. Wọ́n fà mí wọ ilé ìdáná, wọ́n ti ilẹ̀kùn.

"Monínú, ọkùnrin yẹn kì í ṣe ọkọ mi."

"Màmá, àìsàn yẹn ni. Dókítà ti sọ pé..."

"Mo mọ àìsàn ọkọ mi. Èmi ni mo ń tọ́jú rẹ̀." Wọ́n nu ojú. "Ojú rẹ̀ ni. Ọwọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó wà nínú rẹ̀ ń tijú mi."

Akínyẹlé gbọ́. Ó wọlé wá, ó ní kí a má fi àìsàn ṣeré. Ó ní ẹsẹ̀ Bàbá ti san, ojú wọn sì ti là. Lẹ́yìn náà ló sọ ohun tí kò yẹ kó sọ. Ó ní, "Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹlòmíràn, Màmá, ṣé kò sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ?"

Màmá wò ó títí. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ojú kúrò.

Ọkùnrin náà gbá gbogbo àgbàlá mọ́, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an. Ó la igi ìdáná. Ó fọwọ́ kan wáyà iná lára ògiri, ó sì yọwọ́ kíá. Láti àárọ̀ ọjọ́ yẹn, mi ò mọ bí mo ṣe lè pè é. Ara bàbá mi ni, "wọ́n" ló yẹ kí n wí. Ṣùgbọ́n "ó" ló ń wá sí mi lẹ́nu, bí ìgbà tí mò ń sọ̀rọ̀ ọmọ tí mo kọ́ níwèé.

Ìrọ̀lẹ́ sún mọ́. Ọyẹ́ tún bolẹ̀. Gbogbo wa wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí a gbọ́ ọ láti orí òkè.

"Ìyá Monínú o!"

Màmá ti dáhùn kí wọ́n tó ronú. "Hẹ̀ẹ́n!" Wọ́n ti dìde ààbọ̀. Nígbà náà ni wọ́n rántí. Gbogbo wa wo ọkùnrin tó jókòó sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri. Ẹnu rẹ̀ pa dé. Òun náà ti gbọ́. Ó tẹ orí ba.

"Ìyá Monínú o!"

Ohùn bàbá mi ni. Ẹ̀rù ń ba ohùn náà. Akínyẹlé fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Màmá gbé àpótí ìjókòó síwájú ọkùnrin náà. Wọ́n jókòó.

"Ọmọ mi, ta ni ọ́?"

"Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè mí lórúkọ, ìyá. Mo ti gbàgbé rẹ̀."

"Kí ló dé tí o wà nínú ilé mi?"

Ó ń wo ilẹ̀. "Wọ́n fi mí ṣọ́ ibodè. Wọ́n ní kí n dúró títí ẹni tó máa gbà á yóò fi dé. Ẹni tí mò ń retí ò dé. Bàbá yìí máa ń wò wá láti ibí. Ẹlòmíràn kì í wò wá. Lánàá, ó gòkè wá. Mo bi í pé ta ni. Ó ní òun náà ò mọ̀. Ó wá ní, 'Mo ti dé. Ìwọ máa lọ.'" Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀. "Mi ò bi í lẹ́ẹ̀mejì. Ó yẹ kí n bi í lẹ́ẹ̀mejì."

Ewúrẹ́ kan kọjá lójú títì, ó ń pe ọmọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà gbójú sókè, ó wò mí.

"Ogun náà ńkọ́?"

Mo ti kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn ogun yẹn láìmọye ìgbà. Mo mọ ẹni tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ àti bó ṣe tán. Ṣùgbọ́n mi ò tíì sọ ọ́ rí fún ẹni tí ó kàn.

"Ó ti parí," mo wí.

"Ta ló ṣẹ́gun?"

"Kò sí. Ó rẹ gbogbo èèyàn. Àwọn àgbà pàdé, wọ́n bá ara wọn sọ̀rọ̀. Oníkálukú padà sí oko rẹ̀."

"Àwọn ará Ẹ̀yìn-Odò ńkọ́?"

Màmá ló dá a lóhùn. "Ọmọ Ẹ̀yìn-Odò ni mí."

Ó wo màmá. Ó wo ọwọ́ wọn tó gún iyán fún un. Nǹkan kan ń ṣiṣẹ́ lójú rẹ̀ tí mi ò rí lójú bàbá mi rí.

"Ẹ̀yin lẹ bọ́ mi?"

"Èmi ni."

Ó fi ọwọ́ bo ojú. Kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ọmọdé ṣe máa ń bèèrè nǹkan ló ṣe bèèrè rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò wá sọ fún wa?"

Nínú gbogbo ìtàn tí mo mọ̀ nípa odi yẹn, kò sí ibi tí wọ́n ti dárúkọ ẹni tó gòkè lọ sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló ní kí a mú òun padà. Ó ní ohùn bàbá náà ò jẹ́ kí òun sùn. Ẹni tó bá rí i á mọ̀ pé ó ń bẹ̀rù ju bí a ṣe ń bẹ̀rù lọ.

Màmá so ìborùn mọ́ ìbàdí. "A jọ ń lọ ni," wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni ò ní ṣọ́ nǹkan kan mọ́."

Àwa mẹ́rin la gòkè, màmá, Akínyẹlé, èmi àti òun. Màmá ń mí gúlegúle, wọn ò sì jẹ́ kí a di àwọn lọ́wọ́ mú. Nígbà tí a sún mọ́ odi, ewé dákẹ́ lábẹ́ ẹsẹ̀ wa bíi ti ọjọ́ àkọ́kọ́.

"Ta nì yẹn?" ohùn kan bèèrè.

Bàbá mi ni. Mi ò rí wọn. Àárín òpó méjèèjì ṣófo, ọyẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀ kọjá.

"Èmi ni," màmá dáhùn. "Dúró dè mí."

Wọ́n rìn lọ sí ẹnu ibodè. Wọ́n fọwọ́ ti òpó kan, wọ́n sì gbé ohùn sókè, kì í ṣe sí bàbá mi nìkan.

"Ẹ̀yin ọmọ Ìsàlẹ̀-Ùṣọ́, ẹ kú ìdúró o. Ogun ti parí. Ó ti pẹ́ tó ti parí. Àwa tí ẹ ń ṣọ́, a ti wọlé. A gba ibi tí ẹ dúró sí yìí wọlé. Ẹ fẹ́ wa, a sì bímọ fún yín. Àwọn ọmọ náà rèé." Wọ́n nawọ́ sí èmi àti Akínyẹlé. "Ẹ má bínú pé ẹnikẹ́ni ò wá. Mo ti dé. Ẹ máa lọ sílé. Gbogbo yín pátá, ẹ máa lọ sílé."

Màmá ò gbé ọwọ́ kúrò lára òpó náà.

Òkúta kan yí lára odi. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ìró ẹsẹ̀. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ẹnìkan. Wọ́n ń ti ara odi bọ̀ láti ọ̀tún àti òsì, wọ́n ń gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, wọ́n ń sọ̀kalẹ̀ lọ sí ìlú. Mi ò rí nǹkan kan. Mo rí koríko tó ń tẹ̀, tó sì ń dìde padà. Òórùn èéfín àti ti awọ gba iwájú mi kọjá. Wọ́n pọ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Wọ́n pọ̀ gan-an.

Ọkùnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi fi ọwọ́ kan èjìká mi, fẹ́rẹ́. Ó sì jókòó sílẹ̀ lójijì, bí aṣọ tí wọ́n já lórí okùn.

Nígbà tó lajú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n.

"Ìyá Monínú," bàbá mi wí, "ibo lo lọ láti àárọ̀?"

Màmá di wọ́n mú. Akínyẹlé dojú bolẹ̀ nínú koríko, ó ń sunkún, ó ń tọrọ àforíjì. Bàbá bi mí pé ta ni ọmọkùnrin yẹn. Mo ní àbúrò mi ni. Wọ́n ní kó má sunkún mọ́. Akínyẹlé ló gbé wọn pọ̀n sọ̀kalẹ̀.

Bàbá mi ṣì ń gbàgbé. Wọ́n ṣì ń tiro. Akínyẹlé ti ń lọ sílé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀, òun ló ń wẹ̀ fún wọn. Ká ní ibẹ̀ ló parí sí ni, ǹ bá má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ǹ bá fi dúpẹ́ ni.

Ṣùgbọ́n ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, Ṣèyítán wá bá wa. Ó ní ẹnìkan kan ilẹ̀kùn òun, òun ṣí i, òun ò bá ẹnikẹ́ni. Àwọn ará ilé kejì sọ bẹ́ẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń ṣa obì nínú oko kan lẹ́yìn ìlú sáré wálé láìgbé agbọ̀n. Wọ́n ní àwọn ń gbọ́ ohùn ọkùnrin láàárín igi, wọ́n ń rìn síhìn-ín sọ́hùn-ún, wọ́n ń sọ pé, "Ibí ni. Ibí kọ́. Ibí ni." Àwọn àgbà sọ fún wa pé ibẹ̀ ni ìlú wà láyé àtijọ́, kí wọ́n tó ṣí wá sẹ́bàá títì. Kò sí ilé kankan níbẹ̀ mọ́. Obì ni.

Màmá ò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. "Mo ní kí wọ́n lọ sílé," ni wọ́n ń wí ṣáá. "Mi ò ronú ilé."

Mo padà sí Adó. Ilé-ẹ̀kọ́ wọlé. Ọyẹ́ ti ń lọ. Ní ìrọ̀lẹ́ kan, wọn ò tíì mú iná wá, mò ń wá ìṣáná ní pálọ̀. Ẹnìkan kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ da ilé láàmú.

"Ta ni?"

"Ẹ jọ̀ọ́, ìyá." Ọ̀dọ́kùnrin ni. Ó ti rẹ̀ ẹ́. "Ulé Amọ̀nà ni mò ń wá."

Mi ò gbọ́ orúkọ ilé bẹ́ẹ̀ rí. Mo ti bi gbogbo àgbà tó kù ní Ìsàlẹ̀-Ùṣọ́ láti ìgbà náà. Àwọn náà ò gbọ́ ọ rí.

"Mi ò mọ̀ ọ́n," mo wí.

"Ẹ ṣeun."

Mo ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́nìkan. Mo gbọ́ ọ ní ilé tó tẹ̀ lé tèmi, ó ń kan ilẹ̀kùn, jẹ́jẹ́. Lẹ́yìn náà, mo gbọ́ ọ ní ilé tó tún tẹ̀ lé ìyẹn. Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà, mò ń fetí sí i títí mi ò fi gbọ́ ọ mọ́. Ọ̀nà Ọjà Ọba ló kọrí sí. Ilé pọ̀ níbẹ̀.